Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì Verna Trezise

Wáyà ọgbà ló gba ojú ọ̀tún Verna Trezise. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní ọdún tí ọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo oko báálì tó wà lápá ibi tiwa yìí run, láti Moonta títí dé Maitland. Òun àti Des ọkọ rẹ̀ ń na wáyà tuntun sẹ́yìn oko kí àwọn àgùntàn má baà máa ya wọ oko aládùúgbò. Wáyà ti le dandan. Des ní ó ti tó, Verna ní ó ku díẹ̀. Díẹ̀ tó kù yẹn ni wáyà fi já. Ó fò padà bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì nà án lójú kó tó ráyè gbọ́wọ́ sókè.

Des gbé e sínú ọkọ̀, ó fi aṣọ ìnura bò ó lójú, ó sì sáré débi pé ó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn oko. Títí di òní àwọn ará àdúgbò ṣì ń sọ nípa àwọn àgùntàn tí wọ́n lọ kó ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ní Adelaide, àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn ká, ṣùgbọ́n ojú náà ti lọ. Nígbà tí Verna jí, Des jókòó tì í. Verna ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Des, ṣé o ti kọ́bọ́ọ̀dù ìbọn mi kí o tó kúrò nílé?"

"Mo tì í."

"Ojú wo ló lọ?"

"Ọ̀tún."

Verna ní, "Èyí tí mo fi ń yìnbọn nìyẹn," ó sì kọjú sí ògiri.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Ojú lọ, ìbọn ló ń béèrè! Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ ìdí abájọ. Àwọn baba ńlá Verna wá láti Cornwall lókè òkun, wọ́n wá wa bàbà nínú ilẹ̀ níbí, àti pé bàbá bàbá rẹ̀, Jabez, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn kó tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ìbọn òde òní ni mò ń sọ o. Ìbọn tí a ń da ẹ̀tù dúdú sí lẹ́nu ni, tí a ń fi ọ̀pá ki ọta sí nínú, irú èyí tí àwọn ọdẹ ilé wa ń pè ní ṣakabùlà. Èyí tí Verna fẹ́ràn jù nínú wọn ni èyí tó ń fi òkúta tanná. Òkúta yóò gbá irin, irin yóò ta iná sínú àwo kékeré tí ẹ̀tù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, iná àwo yóò gba ihò kóńkó wọlé lọ bá ẹ̀tù inú. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ "fùù," kí ẹ tó gbọ́ "gbàù." Ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín fùù àti gbàù yẹn, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ̀n. Verna kì í gbọ̀n.

Kọ́bọ́ọ̀dù irin kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé wọn, ibẹ̀ ló ń kó wọn sí. Ìbọn gígùn kan wà níbẹ̀ tí bàbá Jabez gbé lọ́wọ́ láyé ìgbà tí àwọn ará etíkun ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà máa dé, tí àwọn awakùsà ń tò lẹ́sẹẹsẹ létí òkun lẹ́yìn iṣẹ́. Ọkọ̀ ogun kankan kò dé, ìbọn náà kò sì pa ènìyàn kankan. Ìbọn apẹyẹ kúkúrú kan wà, igi rẹ̀ ti là, ẹnìkan tí a kò mọ̀ ti fi wáyà bàbà dì í láti ayé àtijọ́. Ìbọn ìléwọ́ kan wà tí ó rà nígbà tí arúgbó kan kú ní Wallaroo. Èyí tó fi ń díje ni ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní Ítálì láyé tiwa yìí, tí wọ́n ṣe kó jọ ti ìgbà àtijọ́ délẹ̀. Bí o bá jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, tó bá gbé ọ̀kan lé ọ lọ́wọ́, á máa sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ bí ẹni ń fi mọ̀lẹ́bí hàn.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ẹgbẹ́ wa máa ń pàdé ní pápá ìyìnbọn tó wà nínú igbó kékeré lẹ́yìn òkìtì ilẹ̀ kùsà. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí pápá, tó ń gbé àsíá pupa sókè kí ìyìnbọn dúró, tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n lè yìn. Orúkọ mi ni Bánjọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí ni Merv Nankivell ti sọ mí di Bánjò, bí ohun èlò orin olókùn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè mí. Merv yìí ti ṣiṣẹ́ ní àká ọkà ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ikùn rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ tóbi, ó sì ní ilé arọ kékeré kan lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń rọ irin. Nínú ìdíje ẹgbẹ́ wa, bí Verna bá ṣe ipò kìíní, Merv ló ń ṣe ìkejì. Bó ṣe ń rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún dé egungun.

Nígbà tí Verna padà wá sí pápá lẹ́yìn tí ọgbẹ́ jinná, ó fi aṣọ dúdú dí ojú ọ̀tún. Gbogbo wa ń wo bàtà wa. Merv ló pariwo láti ìdí tábìlì tíì.

"Ẹ wò ó, ajalèlókun dé! Verna, ayékòótọ́ ẹ dà?"

"Ó kọ̀, kò bá mi wá," ni Verna dáhùn. "Ó ní òun ò lè fara da bí o ṣe ń yìnbọn."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, ara wa sì wá balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò yanjú ọ̀ràn. Ẹni tí ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́ gbọ́dọ̀ gbé ìdí ìbọn lé èjìká òsì, kó lè fi ojú òsì wo àmì. Ìyẹn ò le púpọ̀. Ohun tó le ni pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìbọn ni àwo ẹ̀tù àti òkúta wà. Bí o bá gbé e sí èjìká òsì, iwájú imú rẹ gan-an ni iná yóò ti bú. Verna mọ èyí. Ó wọ awò ojú tó nípọn, ó ki ìbọn, ó dúró dáadáa, ó fà á. Fùù! Kí gbàù tó dún ni mo ti rí i tó gbọn orí padà. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti jó, iná kékeré kan tó ta sì ti gba abẹ́ awò wọlé, ó jó o lẹ́rẹ̀kẹ́, nísàlẹ̀ ojú kan ṣoṣo tó kù.

Mo gbé àsíá pupa sókè. "Verna, gbé e sílẹ̀."

"Ẹyọ kan péré sí i, Bánjò."

"Mi ò gbà."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, awò wà lójú mi!"

"Awò wà lójú ẹ náà ni iná fi jó ẹ. Ojú mìíràn ò sí níbẹ̀ mọ́, Verna. Gbé e sílẹ̀."

Ó wò mí. Mo rò pé ó máa bú mi. Ó kàn gbé ìbọn náà sórí àga rẹ̀, ó da omi gbígbóná sínú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, nítorí ẹ̀tù dúdú kì í dúró dọ̀la kó tó máa jẹ irin. Ó nù ún, ó fi ọ̀rá pa á, ó sì lọ sílé láìdágbére.

Ó di oṣù bíi mélòó kan, a kò rí i. Ọjọ́ kan ni mo pàdé Des níwájú ilé ìtajà irin. Des kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì fẹ́ràn ìbọn rárá. Àbúrò rẹ̀ kan ti fara pa lọ́wọ́ ìbọn nígbà èwe wọn, láti ìgbà náà ni kì í ti í dé pápá. Ó ní, "Ó máa ń kó wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, á fọ̀ wọ́n. Wọn ò dọ̀tí. Á dá wọn padà. Lọ́jọ́ kejì á tún kó wọn jáde." Ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò. "Mo rò pé inú mi máa dùn tó bá jáwọ́. Kò dùn."

Mo sọ fún Merv. Merv ní òun ti ní èrò kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe wa ọkọ̀ lọ sílé Verna ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Merv gbé pásítì tó gbóná, irú míìtì páì kan, dání, èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi ẹran, ọ̀dùnkún àti tọ́nípù sí nínú. A bá Verna ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́, ìbọn apẹyẹ tí wọ́n fi wáyà bàbà dì sì wà lórí itan rẹ̀.

Merv jókòó, àga dún. "Èyí tó wà lórí itan ẹ yẹn gan-an ni mo bá wá," ló wí. "Igi rẹ̀ ti là tẹ́lẹ̀. Kò níye lórí púpọ̀ mọ́. A ó gé igi yẹn dànù, a ó yí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ sí òsì, a ó lu ihò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá irin rẹ̀ tí ọta ń gbà jáde. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, wàá ti máa yìnbọn."

Verna fi ìka ra wáyà bàbà náà bí ẹni ń ra orí ọmọ.

"Ta ló di wáyà yìí, Merv?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹnìkan tó ti kú ni."

"Àwa náà ò mọ̀ ọ́n. Bóyá ó wà nínú igbó, ìbọn rẹ̀ là, ọmọ rẹ̀ ò sì tíì jẹun. Ó tú wáyà láti ibì kan, ó dì í, ó sì ń bá ọdẹ lọ. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá mi. Ṣé èmi ni kí n wá gé e nítorí pé mo fẹ́ lu ihò sí páálí lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Ìbọn ni, Verna. Kì í ṣe bàbá ẹ."

"Ó dàgbà ju bàbá mi lọ. Jẹ pásítì ẹ."

Merv jẹ ẹ́. Nígbà tí a ń wa ọkọ̀ padà, ó sọ fún mi pé olórí kunkun ni obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Òótọ́ ló ń sọ, òṣì." Èmi náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kó ìbọn àtijọ́ jọ máa ń gbàgbé pé a kàn ń bá àwọn tó ń bọ̀ tọ́jú wọn ni.

Ẹni tó tún ọ̀ràn náà ṣe ni ẹni tí a kò retí. Ìyá Des ní igi wọ́nọ́ọ̀tì ńlá kan, irú igi líle tí wọ́n fi ń ṣe ìdí ìbọn, ní àgbàlá rẹ̀ ní òkè Clare. Ìjì ti wó o lulẹ̀, Des sì ti la á sí pákó, ó kó o pamọ́ sínú àká láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń wá ohun tó dára tí yóò fi ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a lọ síbẹ̀, Des jáde lọ sínú àká, ó sì padà wọlé pẹ̀lú pákó gígùn kan. Ó gbé e sórí tábìlì, láàárín àwo oúnjẹ. Verna fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe rí fún mi.

Ó ní òun bi í pé, "Kí nìyí?"

Des ní, "Igi màámi."

"Mo mọ̀ pé igi màámi ni. Kí ni kí n fi ṣe?"

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ fún Merv. O ò fẹ́ gé ti àtijọ́. Ṣe tuntun nígbà náà. Ti ọlọ́wọ́ òsì." Des jókòó sídìí oúnjẹ rẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀kì. "Bó o bá sì máa ṣe é, má ṣe é yọ̀bọ̀kẹ́. Pákó kan yẹn ló gùn tó o."

Verna ní òun kò lè jẹun mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun kàn jókòó, òun ń wo ọkùnrin tí òun ti bá gbé láti ìgbà ọmọge, tó kórìíra ìró ìbọn bí i ikú.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ra ọ̀pá irin ìbọn tuntun. Ó ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àwọn irin ẹ̀rọ tí wọ́n dà ní odindi ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì ha, èyí tí wọ́n da fún ẹ̀gbẹ́ òsì. Gbogbo rẹ̀ dé nínú àpò kékeré kan, ó rí gbágungbàgun bí eékún ẹran. Iṣẹ́ Verna ni láti fi fáìlì, irin tí a fi ń ha irin, ha wọ́n títí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi bá ìkejì rẹ̀ mu. Ó dì wọ́n mọ́ fáìsì, ẹ̀rọ tó ń di irin mú, ní àká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

Olójú kan kì í mọ bí ohun ṣe jìnnà tó. Ẹ di ojú kan, kí ẹ gbìyànjú láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ óò mọ ohun tí mò ń sọ. Verna yóò na fáìlì, yóò kọjá irin, yóò gún àtàǹpàkò rẹ̀. Yóò na ìfági sí igi, ìfági yóò kan afẹ́fẹ́. Ó da tíì sórí tábìlì dípò inú ife, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wo nǹkan. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó di ojú rẹ̀, ó ń fi ìka ìfábẹ̀lá kọjá lórí irin kan bí adájọ́ tó ń wá irọ́ nínú ọ̀rọ̀. "Níbí," ló wí, "ó ga díẹ̀." Èmi olójú méjì wò ó, n kò rí nǹkan kan. Ó fi fáìlì kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bá ìkejì mu wẹ́rẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ló ń le koko. Ní tèmi o, mo sọ fún un pé ní ilé wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó ní, "Ó dáa, Bánjò. Mi ò ní júwe é. Màá kàn yìnbọn lọ síbẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀rọ náà pé, ó pè wá kí a wá wò ó. Ó de òkúta mọ́ ọn, ó fà á. Kà! Òkúta gbá irin, iná kankan ò ta. Ó tún un fà. Kà! Òkùnkùn.

Merv fi ọwọ́ gbé ikùn rẹ̀. "Mo ti rí ilẹ̀kùn ṣáláńgá tó ta iná ju èyí lọ."

"Merv, jáde kúrò ní àká mi."

"Irin ẹ ló rọ̀, ìyá arúgbó. Rírọ̀ ló rọ̀ bí bọ́tà. A ní láti sè é."

Ó tọ̀nà. Irin tí òkúta ń gbá gbọ́dọ̀ le ní awọ ara rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ta iná. Ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà mú un le ni kí wọ́n fi eérú egungun àti awọ jíjó yí i ká nínú agolo, kí wọ́n dí i pa, kí wọ́n sì gbé e sínú iná arọ títí yóò fi pọ́n bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ibo ni wọ́n ti máa rí egungun? Merv kéde ní pápá pé gbogbo ẹni tó bá jẹ àgùntàn sísun kó egungun rẹ̀ wá. Odindi oṣù kan ni àwọn ènìyàn fi ń kó egungun wá nínú ọ̀rá, ìyàwó pásítọ̀ pàápàá mú ti oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi tiwọn wá. Ajá Merv ń tẹ̀lé wa káàkiri, ó ń wò wá bí i pé a ti yàn án jẹ. Bàtà Des kan tó ti gbó ni wọ́n gé fún awọ.

Wọ́n sè é ní ilé arọ Merv, àárọ̀ títí dé ọ̀sán, Merv wà nídìí ẹwìrì, Verna ń wo àwọ̀ iná. Merv ní kí wọ́n yọ ọ́, Verna ní ó ku díẹ̀. Des, tó wá fi ọkọ̀ gbé Verna, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ "ó ku díẹ̀" yẹn, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Verna náà rí i. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì wí pé, "Ó tó, Merv. Yọ ọ́." Wọ́n yọ ọ́, wọ́n da á sínú omi, omi kígbe. Nígbà tó tutù, wọ́n tò ó padà. Verna fà á, iná sì dà sílẹ̀ gbàrà bí ẹni tí ó da iyẹ̀fun wúrà sílẹ̀. Merv gbé Verna sókè, ó gbé e yí, ajá ń gbó, Des ń sọ pé, "Rọra o, obìnrin yẹn kì í ṣe àpò ọkà."

Nígbà tí ẹ̀rọ àti igi wọ́nọ́ọ̀tì di ìbọn tán, ọta àkọ́kọ́ tó yìn láti inú rẹ̀ kò kan àmì. Kò kan páálí. Kò tilẹ̀ kan òkìtì ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn páálí dáadáa. Etí rẹ̀ ni eruku ti sọ. Ṣùgbọ́n iná ti bú sí apá òsì, jìnnà sí ojú rẹ̀, èéfín funfun tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà bò wá mọ́lẹ̀, Verna sì dúró nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ nínú ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lákọ̀tun. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó gé ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan, ó so òkúta mọ́ orí rẹ̀, ó sì ń gbé e lé èjìká òsì káàkiri oko. Bí ó bá ń da àgùntàn, á dúró, á gbé ọ̀pá, á wo orí òpó ọgbà kan, á mí díẹ̀díẹ̀, á sọ̀ ọ́. Àwọn tó ń kọjá lójú títì rò pé ó ti ya wèrè. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké.

Ní Àjíǹde ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn ayìnbọn láti Adelaide, láti Victoria, àti àwọn kan láti Perth pàápàá péjọ sí pápá wa. Wọ́n pàgọ́, wọ́n dáná, wọ́n ń wo ìbọn ara wọn bí àwọn ìyá ṣe ń wo ọmọ ara wọn. Nínú ìdíje ìbọn olókúta, orí ìdúró ni wọ́n ti ń yìn ín, láìfi ọwọ́ ti ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n ka àmì tán, Verna àti Merv dọ́gba. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tún yin ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sún mọ́ àárín jù ló ni í.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti òkun. Merv kọ́kọ́ yìn ín. Lẹ́yìn náà ni Verna gbé ìbọn wọ́nọ́ọ̀tì náà lé èjìká. A ń gbọ́ aṣọ àsíá nínú afẹ́fẹ́. Mo wo Des. Ó wá lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Fùù, gbàù. A lọ wo páálí. Àwọn adájọ́ tẹ orí mọ́lẹ̀ lé e, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n.

Merv ló gbà á. Ìbú irun orí ni ó fi jù ú lọ.

Mo rò pé Merv máa pariwo dé Moonta. Kò pariwo. Ó dúró níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n.

"Verna, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o jẹ́ kí n gbà á ni?"

"Jẹ́ kí o gbà á? Ìwọ oníkùn yìí! Gbogbo agbára mi ni mo fi fẹ́ nà ọ́."

"O búra?"

"Mo fi ojú mi tó kù búra."

Merv nu imú rẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo fi ń lé ẹ. Wọ́n ní láti gba ojú kan lọ́wọ́ ẹ kí n tó lè bá ẹ."

"Fara balẹ̀," ni Verna wí. "Bí wọ́n bá gba ìkejì, bóyá wàá tún bá mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀rín tó sọ ní pápá lọ́jọ́ náà, àwọn ará Perth ṣì ń ròyìn rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Verna nà án. Ní ọdún tó tún tẹ̀lé e, ó tún nà án.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ife ẹ̀yẹ ni mo ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀. Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́wọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àṣé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Àwọn ènìyàn tó ti ń fi ọwọ́ tí kì í ṣe tiwọn yìnbọn láti kékeré, àwọn tí iná ti jó lójú tí wọ́n sì ti jáwọ́, awakọ̀ kan tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n ń ya wọ oko Trezise, wọ́n ń béèrè obìnrin tó ń ṣe ìbọn òsì. Kì í lé ẹnikẹ́ni. Á gbé wọn jókòó sídìí fáìsì, á gbé fáìlì lé wọn lọ́wọ́, á ní, "Èmi ò ní ṣe é fún ẹ. Màá dúró tì ẹ́ kí o ṣe é." Bí ẹni náà bá ha irin jù, á bú u bí ìyá ṣe ń bú ọmọ, á sì bu tíì fún un.

Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin gíga kan láti Whyalla parí ìbọn tirẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin láti ìgbà èwe, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí ṣọ́bìrì, kò sì tíì yin ìbọn òkúta kankan rí láìbẹ̀rù. Ó dúró lójú ìlà ìyìnbọn ní pápá, ó ń làágùn nínú òtútù. Verna dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Bí mo bá ṣàṣìṣe ńkọ́?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Wàá tún un ki. Ẹ̀tù pọ̀. Mí, ọmọ ìyá mi. Mí."

Ó mí. Mo sọ àsíá kalẹ̀, ó sì yìn ín.